Ṣé A Lè Pe Òfin Ìṣẹ̀dá Ní Ọlọ́run?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1929, rábì kan ní New York, Herbert Goldstein, tẹ wáyà sí Albert Einstein ní Berlin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: ṣé ó gba Ọlọ́run gbọ́? Ó ti san owó èsì sílẹ̀ pẹ̀lú, ti ọ̀rọ̀ 50. Einstein fèsì pé Ọlọ́run tí onírònú Spinoza sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òun gbà gbọ́, èyí tó ń hàn nínú bí ohun gbogbo ṣe wà létòlétò tí wọ́n sì bára mu, kì í ṣe Ọlọ́run tó ń dá sí kádàrá ọmọ aráyé àti ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èsì yẹn ti rìn jìnnà. Títí dòní, ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ka ìwé sáyẹ́ǹsì pé: “Ní tèmi o, òfin ìṣẹ̀dá ni Ọlọ́run.” Ẹ̀sìn ti sú àwọn kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn kò sì fẹ́ kí ọwọ́ wọn kúrò lára Ọlọ́run pátápátá. Onígbàgbọ́ tó bá gbọ́ ọ lè fi ìbínú dáhùn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà ju ìbínú lọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n tú u palẹ̀: kí ni òfin ìṣẹ̀dá, kí ló fi jọ Ọlọ́run, kí ni kò lè ṣe, kí ni Spinoza fúnra rẹ̀ sọ, kí ni yóò sì yí padà láyé ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń pè ní òfin ìṣẹ̀dá

Òfin ìjọba ṣeé rú. Awakọ̀ lè kọjá níbi tí iná pupa ti ní kó dúró, kó sì délé láìsí ohun tó ṣe é. Òfin ìṣẹ̀dá kò ṣeé rú, nítorí kì í ṣe àṣẹ tí ẹnì kan pa tí nǹkan lè ṣàìgbọràn sí. Àlàyé ni, nípa bí nǹkan ṣe ń ṣe nígbà gbogbo àti níbi gbogbo, tí a lè fi ìṣirò sọ, tí a sì lè wọ̀n wò bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ jẹ́ ká mú òfin òòfà tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1687. Ó ní gbogbo ohun tó wà láyé àti lójú ọ̀run ló ń fa ara wọn. Bí wọ́n bá ṣe wúwo tó ni fífà náà ṣe ń le tó. Bí wọ́n bá sì ṣe ń jìnnà síra ni agbára náà ń dínkù, lọ́nà tó jẹ́ pé bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò ṣẹ́ kù. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Bí Newton ṣe dán an wò nìyí. Ọsàn tó já lórí igi máa ń já bọ́ ní mítà 4.9 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kìíní. Láti orí ilẹ̀ tí igi ọsàn wà dé àárín gbùngbùn ayé tó nǹkan bíi kìlómítà 6,400. Òṣùpá jìnnà sí àárín gbùngbùn yẹn ní nǹkan bíi kìlómítà 384,000, ìyẹn ìlọ́po 60. Bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́, bí òṣùpá ṣe ń já bọ́ sọ́dọ̀ ayé gbọ́dọ̀ kéré sí bí ọsàn ṣe ń já bọ́ ní ìlọ́po 60 lọ́nà 60, tí í ṣe 3,600. Ẹ pín mítà 4.9 sí ọ̀nà 3,600: ohun tó kù jẹ́ mìlímítà kan àti díẹ̀, nǹkan bíi 1.36.

Ẹ wá wo òṣùpá fúnra rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí kò bá sí ohun tó ń fà á, tààrà ni ì bá lọ, kò sì ní padà wá mọ́. Kó tó lè máa yí ayé po gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i, ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ayé díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láti inú ọ̀nà tó ń tọ̀, iye tó ń tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.36. Ìṣirò méjèèjì pàdé. Ohun tó mú ọsàn balẹ̀ náà ló di òṣùpá mú lójú ọ̀run. Láti ayé Aristotle, onírònú Gíríìkì, ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti gbà pé ìlànà tí nǹkan ọ̀run ń tẹ̀ lé yàtọ̀ sí ti ayé. Òfin kan ṣoṣo ló wó ògiri yẹn.

Ibi tí òfin ti jọ Ọlọ́run

Ẹni tó bá mọ oríkì tí a fi ń ki Ọlọ́run yóò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló bá òfin mu. A kì í rí òfin lójú, iṣẹ́ rẹ̀ là ń rí. Kì í yí padà. Kì í sùn. Kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì mọ ojúsàájú: bí ọba bá jábọ́ lórí àjà, bí ìwọ̀fà ṣe máa ń jábọ́ ló máa jábọ́.

Ó tún wà níbi gbogbo, a sì rí ẹ̀rí èyí. Lọ́dún 1868, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gíláàsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ wo ìmọ́lẹ̀ etí oòrùn. Gáàsì kọ̀ọ̀kan tó bá gbóná débi tó ń tàn ní ìlà àwọ̀ tirẹ̀ tí òmíràn kò ní. Wọ́n wá rí ìlà aláwọ̀ ìyeyè kan tí kò bá ti ohunkóhun tí wọ́n mọ̀ láyé mu. Wọ́n sọ gáàsì tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn yìí ní helium, láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe oòrùn. Lọ́dún 1895, William Ramsay rí gáàsì náà ní London, nínú òkúta kan tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀. Ibi tí ìlà ìyeyè náà wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ló wà nínú ti òkúta. Oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 150, òfin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti inú ilẹ̀ wa.

Ó tún jọ pé ó mọ ọjọ́ iwájú. Onímọ̀ ìràwọ̀ Edmond Halley fi òfin Newton ṣírò ọ̀nà ìràwọ̀ onírù kan, ó sì kéde lọ́dún 1705 pé yóò padà wá ní nǹkan bí ọdún 1758. Halley ti kú lọ́dún 1742. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1758, àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, Johann Georg Palitzsch, tó fẹ́ràn kó máa wo ìràwọ̀, rí i tó ń bọ̀. Ẹni tó sọ tẹ́lẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ báyìí ṣọ̀wọ́n. Kò yani lẹ́nu pé àwọn kan gbójú sókè wo òfin, tí orí wọn sì wú.

Ibi tí ìjọra náà dópin sí

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ni òfin òòfà ń ṣe gan-an? Ṣé òun ló ń fa ọsàn?

Bí ẹni tí kò mọ ayò ọlọ́pọ́n bá jókòó ti àwọn ọ̀tayò, tó ń wòran wọn lójoojúmọ́, yóò pẹ́ yóò yá, yóò lè kọ òfin ayò sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbà pín in, ìgbà tí wọ́n ń jẹ. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè pé débi pé kò ní ṣàṣìṣe kan. Síbẹ̀, òfin ayò kò gbé ọmọ ayò kan ṣoṣo rí. Ọwọ́ ọ̀tayò ló ń gbé e.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìṣirò Newton ṣe rí. Ó sọ fún wa bí ọsàn yóò ṣe já bọ́, ó sì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò ní ọwọ́ tó fi ń fa nǹkan. Newton fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ lọ́dún 1713, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì rí ohun tó ń fa òòfà, òun kò sì ní fi àbá lásán dí àlàfo náà.

Ìdí kejì tún wà tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Òfin tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí gan-an. Lọ́dún 1846, Urbain Le Verrier ní ilẹ̀ Faransé lo òfin Newton láti sọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wà. Wọ́n wo ibẹ̀ ní Berlin, wọ́n sì bá Neptune níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Le Verrier yí ojú sí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury, ìṣirò kò bára mu. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600: láàárín 100 ọdún, 43 nínú ìpín wọ̀nyẹn ni Mercury fi yà kúrò níbi tí òfin Newton ní kó wà. Wọ́n wá pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tó lè máa fà á, wọn kò rí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915, Einstein gbé àlàyé tuntun kalẹ̀ nípa òòfà, 43 náà sì jáde nínú ìṣirò rẹ̀ láìṣẹ́kù.

Mercury kò yí ìwà padà lọ́dún yẹn. Ìwé wa la yí padà. Ẹni tó bá ń pe òfin inú ìwé ní Ọlọ́run yóò máa pààrọ̀ Ọlọ́run rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí onímọ̀ kan bá rí nǹkan tuntun. Bó bá sì ní kì í ṣe ti inú ìwé ni òun ń sọ, bí kò ṣe ohun tó wà lẹ́yìn ìwé, a jẹ́ pé ìbéèrè ti yí padà. A kò sọ̀rọ̀ òfin mọ́. Ohun tó ń mú kí òfin rí bó ṣe rí là ń wá.

Ohun tí Spinoza sọ gan-an

Ibẹ̀ ni Spinoza dúró sí. Ọdún 1632 ni wọ́n bí i ní Amsterdam, sínú ìdílé Júù tó ti Portugal wá. Kò tíì pé ọmọ ọdún 24 tí àwọn àgbà sínágọ́gù fi lé e kúrò láàárín wọn, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1656, tí wọ́n fi í gégùn-ún, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tó bá kọ. Ó kó lọ sí àwọn ìlú kéékèèké, ó ń dán gíláàsì fún awò ojú àti awò ìràwọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, tí èèyàn ń lọ gíláàsì mọ́ ara irin títí yóò fi yí bó ṣe yẹ kó yí, kí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá lè pàdé ní ojú kan. Àwọn onímọ̀ nígbà náà mọyì gíláàsì rẹ̀. Lọ́dún 1673, wọ́n pè é kó wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Heidelberg. Ó kọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé òun kò ní lómìnira láti sọ èrò òun. Ó kú lọ́dún 1677, ẹni ọdún 44. Ìwé rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, Ethics, kò jáde àfi lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ohun tó kọ nínú ìwé yẹn ni pé ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò gbára lé ohunkóhun láti wà. Òun ló pè ní Ọlọ́run, òun náà ló sì pè ní Ìṣẹ̀dá. Igi, òkúta, èmi àti ẹ̀yin, ọ̀nà tí ohun kan yìí gbà ń hàn ni gbogbo wa. Kò dá ayé bí ẹni tó mọ ìkòkò tó sì gbé e kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn òde tí ì bá gbé e kalẹ̀ sí. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń ti inú bó ṣe rí jáde, bí ó ti jẹ́ pé níbikíbi tí a bá ti ya onígun mẹ́ta sórí pátákó, igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pé iye kan náà. Ẹnikẹ́ni kò pinnu pé kó rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Spinoza kò sọ pé òfin ni Ọlọ́run. Lójú rẹ̀, òfin jẹ́ ìwà Ọlọ́run, bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá yọ Ọlọ́run kúrò, tó wá mú òfin nìkan dání, ti fi oníwà sílẹ̀, ó di ìwà mú. Ó tún sọ ohun kan tí àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ búra máa ń gbàgbé: pé ohun kan yìí kì í ṣe òkúta àti agbára lásán. Èrò náà wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ṣe wà nínú rẹ̀.

Nípa iṣẹ́ ìyanu, ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1670 láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i yí ọ̀rọ̀ àwọn onísìn padà sí wọn. Bí òfin ìṣẹ̀dá bá jẹ́ ìpinnu Ọlọ́run, ó ní, ẹni tó sọ pé Ọlọ́run rú òfin ìṣẹ̀dá ń sọ pé Ọlọ́run lòdì sí ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú Ethics tó yẹ kí Yorùbá gbọ́. Òkúta já láti orí òrùlé, ó pa ẹni tó ń kọjá. Àwọn ènìyàn ní wọ́n dìídì rán òkúta náà sí i ni. Ẹ ní atẹ́gùn ló fẹ́, òun náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní, kí ló dé tí atẹ́gùn fi fẹ́ lásìkò yẹn? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ẹ ní òkun ru lánàá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pè é wá jẹun. Wọ́n tún ní, kí ló dé tí òkun fi ru? Wọn kò ní dákẹ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ kò ti ní èsì mọ́, ibẹ̀ ni wọn ó sì ti sá sábẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run. Spinoza ní àìmọ̀kan ni wọ́n sá sábẹ́ rẹ̀. Àwa tí a máa ń béèrè níbi ọ̀fọ̀ pé “ta ló wà nídìí ẹ̀?” mọ ìlà ìbéèrè yẹn dáadáa.

Àwọn tó ní ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọlọ́gbọ́n ló gba ọ̀nà Spinoza. Ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú rẹ̀, Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù láti Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá kan òwú. Ojú wa rí iná, ojú wa rí òwú tó jó. Ta ló rí iná tó ń fi agbára jó o? Al-Ghazali ní Ọlọ́run ló ń jó òwú náà, ní gbogbo ìgbà tó bá jó. Ohun tí à ń pè ní òfin jẹ́ àṣà tí Ọlọ́run kì í sábà yà kúrò níbẹ̀. Bó bá wù ú kó yà, òwú kò ní jó. Nínú èrò yìí, iṣẹ́ ìyanu kò rú òfin kankan, nítorí kò sí òfin tó dá dúró láìsí ẹni tó ń ṣe é.

Ibn Rushd ti Cordoba, tó kú lọ́dún 1198, ta kò ó. Bí nǹkan kò bá ní ìwà tirẹ̀, ó ní, a jẹ́ pé kò sí ìmọ̀ kankan tó ṣeé ní nípa rẹ̀. Iná ń jóni nítorí pé iná ni. Yorùbá tó ní kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́ wà lẹ́yìn Ibn Rushd nínú ẹjọ́ yìí.

Ní ti Newton, òun gbà pé Ọlọ́run ni Olúwa lórí ohun gbogbo, pé kì í ṣe ẹ̀mí inú ayé bí àwọn kan ṣe rò. Ó tilẹ̀ rò pé bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ara wọn yóò máa da ètò wọn rú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di dandan pé kí Ọlọ́run tún un ṣe. Leibniz ti ilẹ̀ Jámánì ta kò ó lórí èyí nínú àwọn lẹ́tà tó kọ láàárín ọdún 1715 sí 1716: alágogo wo ló mọṣẹ́, tí yóò tún máa wá tún agogo rẹ̀ ṣe? Ní nǹkan bí ọdún 1785, Laplace, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé yíyà Jupiter àti Saturn tó ń bani lẹ́rù máa ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí 900 ọdún. Ibi tí Newton fi Ọlọ́run sí di ibi tí òfin wà. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún onígbàgbọ́: ẹni tó bá fi Ọlọ́run sínú àlàfo ìmọ̀ nìkan yóò máa wò ó bí àlàfo ṣe ń dí.

Àwọn baba wa náà ní ohun tí wọ́n rò. Wọ́n gbà pé àṣẹ tó ń mú ohun gbogbo ṣẹ ti ọ̀dọ̀ Olódùmarè wá, ó sì wà nínú ewé, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nínú òrìṣà. Àṣẹ kì í ṣe òfin, nítorí agbára tó ń mú nǹkan ṣẹ ni, kì í ṣe àlàyé bó ṣe ń ṣẹ. Ìbéèrè nípa ọwọ́ tó wà lẹ́yìn òfin ni èrò náà ń dáhùn, ó sì gbà pé ọwọ́ náà ní oní.

Lóde òní, àwọn onírònú mìíràn tẹ̀ lé David Hume ti ilẹ̀ Scotland. Wọ́n ní kò sí ọwọ́ kankan. Nǹkan ń tẹ̀ lé nǹkan, àwa la ń kó o jọ tí a ń pè é ní òfin. Àwọn kan tún wà, bíi David Armstrong ti Australia, tó ní òfin wà lóòótọ́, òun ló sì ń mú kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀ ní dandan.

Ẹ kó èrò wọ̀nyí jọ kí ẹ wò wọ́n. Bí Al-Ghazali bá jàre, Ọlọ́run ló ń ṣe é, òfin jẹ́ àṣà rẹ̀. Bí Ibn Rushd bá jàre, agbára wà nínú nǹkan fúnra wọn. Bí Hume bá jàre, òfin jẹ́ àkójọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń foríbalẹ̀ fún àkójọ. Ti Armstrong nìkan ni òfin ti ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é.

Níbo ni ìbéèrè ń parí sí?

Ẹnì kan lè ní: bí a bá sọ pé Ọlọ́run ló ṣe òfin, ta ló ṣe Ọlọ́run? Ṣé kò sàn ká dúró sórí òfin?

Ìbéèrè tó lágbára ni, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kì í dúró sórí òfin tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí. Wọ́n máa ń wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, a mọ̀ pé agbára inú ayé kì í ṣòfò: bí igi bá jóná, agbára inú rẹ̀ di ooru àti ìmọ́lẹ̀, iye rẹ̀ kò sì dínkù. Kí ló fà á? Lọ́dún 1918, Emmy Noether, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ní Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde: òfin yẹn ń ti inú òtítọ́ kan tó rọrùn ju òun lọ jáde, pé òfin òní kò yàtọ̀ sí ti àná. Bí ìlànà ìṣẹ̀dá kò bá yí padà pẹ̀lú àkókò, iye agbára kò lè yí padà.

Ọ̀nà gbòǹgbò yẹn lè gùn sí i. Ọjọ́ kan lè dé tí gbogbo òfin yóò ti inú ìlà ìṣirò kan ṣoṣo jáde. Síbẹ̀, èèyàn á ṣì lè béèrè pé: kí ló dé tó fi jẹ́ èyí, tí kì í ṣe òmíràn? Kí ló dé tí nǹkan tilẹ̀ wà láti tẹ̀ lé e? Ìṣirò kò lè dáhùn èyí, nítorí ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ni à ń béèrè nípa rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dúró síbì kan. Onígbàgbọ́ dúró lórí Ẹni tó mọ̀ tó sì fẹ́. Spinoza dúró lórí ohun tí kò lè ṣàì wà. Aláìgbàgbọ́ dúró lórí òfin, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò sí ohun èlò tí a lè gbé sójú ọ̀run láti wọ̀n èwo ló jàre, nítorí ayé tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí kò yàtọ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà lórí ìbéèrè kan: ṣé ohun tó wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo mọ̀ pé a wà?

Ohun tó ń yí padà fún ẹni tó gbà á

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré, nítorí òun ló ń sọ ohun tí àdúrà jẹ́. Òfin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Òfin kì í dárí ji ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kò lè rí ìtùnú lọ́dọ̀ òfin, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò sì lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún. Spinoza mọ èyí, kò sì fi bò. Ó ní ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run lóòótọ́ kò gbọdọ̀ retí kí Ọlọ́run fẹ́ràn òun padà. Ìfẹ́ tó le ni, ó sì ní iyì tirẹ̀: ó ń gba ọkàn ẹni lọ́wọ́ ìbẹ̀rù àti lọ́wọ́ ìkórìíra, nítorí kò sí ẹni tí òkúta orí òrùlé ń bá ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé òfin ni Ọlọ́run òun, tó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó ń bínú sí i, ti kó ohun tí kò sí nínú òfin wọ inú rẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi rèé. A kò lè pe òfin ìṣẹ̀dá nìkan ní Ọlọ́run láìsọ ọ̀rọ̀ náà di òfìfo, nítorí òfin ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni, kò sì sọ ẹni tàbí ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ lo orúkọ Ọlọ́run lọ́nà ti Einstein ní láti gba ti Spinoza tán, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá sì gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà kò nídìí láti bẹ̀rù òfin, nítorí kò sí òfin kan tí a tíì rí tó sọ pé òun ló dá ara òun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, mo sì fẹ́ kó wọ ilé àti ibi iṣẹ́ wa. Símẹ́ǹtì ń gan nípa pé ó ń bá omi ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ́n omi sí i, tí àwọn onímọ̀ sì máa ń dán agbára kọnkéré wò nígbà tó bá pé ọjọ́ 28. Bí birikìlà bá yọ pátákó abẹ́ dẹ́kì kó tó gan dáadáa, tàbí tó dín irin àti símẹ́ǹtì kù kí owó lè ṣẹ́ kù, òfin òòfà kò ní béèrè bóyá onílé ṣe ìsìn ìfilélẹ̀ ìpìlẹ̀. Bí gìrì ibà bá mú ọmọ, kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró de ìparí ìṣọ́ òru. Bí ilé bá wó tàbí tí ọmọ bá kú, ọ̀rọ̀ tó ń yá wa lẹ́nu ni “àmúwá Ọlọ́run ni.” Lọ́pọ̀ ìgbà, àmúwá ènìyàn ni.

Mùsùlùmí tó gbà pẹ̀lú Al-Ghazali pé àṣà Ọlọ́run ni òfin ní ìdí láti bọ̀wọ̀ fún àṣà náà. Kìrìsìtẹ́nì tó gbà pẹ̀lú Newton pé Olúwa ló fi í lélẹ̀ ní ìdí láti kọ́ ọ. Ẹni tó tẹ̀ lé Spinoza gbà pé ìwà Ọlọ́run gan-an ni. Ọ̀nà yòówù kí a gbà dé ibẹ̀, ẹni tó mọ òfin, tó pa á tì, tó wá di ẹ̀bi ru Ọlọ́run, kò bọ̀wọ̀ fún òfin, kò sì bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run.